Àrọ̀ Inú Kànga Ilé Wa

Bí ẹ bá fi aṣọ di ojú mi, tí ẹ gbé ẹja mẹ́wàá síwájú mi, n ó sọ èyí tó kú láàárọ̀ yìí fún yín, n ó sọ èyí tó ti kú láti àná, n ó sì sọ èyí tí ẹni tó ń tà á fẹ́ fi omi dídì tàn yín jẹ. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ẹ béèrè láti Ìlobù dé Ìfọ́n, kí ẹ gba Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kọjá, wọ́n á ní kò sí imú tó dà bí imú Làsísì ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òórùn ẹja tí imú yìí ti mọ̀, ọ̀kan wà tí mi ò jẹ́ kó wọ inú ìtàn tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ló wọlé tọ̀ mí wá, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń kọ́kọ́ fa omi láàárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó jí, a ó ti máa gbọ́ okùn tó ń ha etí kànga, a ó sì máa gbọ́ gúgà, rọ́bà táyà tí wọ́n rán bí àpò, tó ń gbá ara ògiri bó ṣe ń gòkè bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òórùn ti dé kí gúgà tó dé. Ó kọ́kọ́ dùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, lẹ́yìn náà ló wá mú mi lọ́fun. Ìyá àgbà kò pariwo. Ó da omi náà sílẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ etí kànga, ó wo inú rẹ̀ pẹ́ títí, ó sì ní, "Baálẹ̀ ti lọ."

Baálẹ̀ ni à ń pe àrọ̀ inú kànga wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé ńlá bíi tiwa yóò rántí àṣà yẹn. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga tán, wọ́n á ra àrọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á sọ ọ́ sínú rẹ̀ láàyè, kó máa jẹ tanwíjí àti kòkòrò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Olùṣọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá da nǹkan burúkú sínú omi, ara ẹja ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Bàbá àgbà ló sọ Baálẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tí Ìyá àgbà bá ju èérún ẹ̀kọ sí i, á máa kí i bí ẹni kí àgbàlagbà: "Baálẹ̀, ẹ jí ire bí?" Omi á rú. Inú gbogbo wa á dùn, a ó sì mu omi wa.

Nítorí náà, nígbà tí Baálẹ̀ kú, kì í ṣe ẹja ló kú. Ìbéèrè ló délé wa: ta ló ṣe kí ni sí omi tí à ń mu?

Èmi mọ ìdáhùn. Àtọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà yẹn, ibẹ̀ náà ni mo bá ìwé dé. Ẹnu mi ti tóbi ju orí mi lọ. Àwọn ọmọ tí ilé wọn sún mọ́ odò máa ń sọ̀rọ̀ àrọ̀ ní kíláàsì, pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ lásán dì í mú. Èmi dìde, mo ní èmi máa ń gbé ti ilé wa lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, tí n ó sì fi yí kànga ká. Wọ́n kígbe. "Irọ́ ńlá! Làsísì ẹlẹ́nu bí ìlẹ̀kùn ọjà!" Mo ní kí wọ́n wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà mí, torí mi ò fọwọ́ kan Baálẹ̀ rí láyé mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ní inú ń run mí, mi ò lọ sílé ìwé. Àwọn ọkùnrin lọ kírun, Ìyá àgbà àtàwọn obìnrin ilé lọ sọ́jà. Omi kànga ti fà sísàlẹ̀ nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Mo so apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan mọ́ okùn, mo fi ẹ̀kọ sínú rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Baálẹ̀ kò mọ̀ pé èèyàn lè dà á. Ó wọ inú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni wọlé ara rẹ̀.

Ó gùn tó apá mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Mo dì í mú. Ó yọ̀ bọ́. Mo tún dì í mú, ó tún bọ́, ó ṣubú sórí sìmẹ́ńtì. Ohun tó wà lára àrọ̀ yẹn kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe ẹran. Ó ń fà láàárín ìka mi bí ilá tí wọ́n fi káún sí, bí mo bá ya ìka mi á tẹ̀lé e, bí mo bá dẹwọ́ á sún padà. Bí mo bá ṣe ń fún un mọ́ra tó ni ó ń sáré kúrò lọ́wọ́ mi tó. Mo ti ń sunkún nígbà tí mo rántí pé, bí Ìyá àgbà bá ra àrọ̀ lọ́jà, eérú ló máa ń kọ́kọ́ fi fọ ara rẹ̀ kó tó gé e sínú ọbẹ̀, kó má baà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo bu eérú níbi àdògán, mo sì fi ṣe ti ẹja ọbẹ̀ fún ẹja tí yóò padà sínú omi. Mo fi àpò ìdọ̀họ fọ ọ́ bí ẹni fọ ìdí ìkòkò. Eérú di ẹrẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ṣàn án dànù, mo tún bu òmíràn, títí ara Baálẹ̀ fi ń ha mí lọ́wọ́ bí awọ gbígbẹ. Nígbà náà ni mo gbé e, tí kò sì yọ̀. Mo fi yí kànga ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú ọkàn mi, torí ọwọ́ kò ṣí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ padà sínú omi, mo fi ewé ọsàn wẹ́wẹ́ nu ọwọ́, mo sì lọ sùn.

Àwọn ọmọ dé lọ́jọ́ Sátidé. Baálẹ̀ kò wá sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n yínmú sí mi, wọ́n lọ. Nítorí náà, ìfọ́nnu tí mo tìtorí rẹ̀ pa á, mi ò tilẹ̀ rí i jẹ.

Nígbà tí wọ́n fa òkú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo agboolé pé lé e lórí. Nǹkan funfun ti hù sí ìhà rẹ̀ méjèèjì bí òwú tó rin. Wọ́n ń wò ó, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Èmi ń wò ó láti ẹ̀yìn odó, mo sì mọ̀ ọ́n. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti fún un jù ni ó ti funfun jù. Mo rí ìka mi níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ojú wọn yí sí ni Àṣàkẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ìfọ́n ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kò tíì ju ọdún kan lọ tó délé wa. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nítorí pé ó rí mi tí mò ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri, Akọ̀wé ló sọ mí. "Ọkọ mi, Akọ̀wé mi, ẹ jí ire?" Èmi tí ikun ń yọ nímú, "ẹ" ló fi ń pè mí. Èérún àkàrà tó bá kù nínú epo, tèmi ni. Kò sí ẹni tó fún mi níyì bẹ́ẹ̀ títí mo fi lówó lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú ni Àṣàkẹ́ fọ aṣọ nítòsí kànga. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá ló lò, èyí tó ń hó ju ọṣẹ ọ̀pá lọ. Ìhó náà kún ọpọ́n, ó sì ń dà sílẹ̀, àwa ọmọdé ń fẹ́ ẹ káàkiri àgbàlá. Ìyá àgbà ti bá a wí lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó," Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, "kí ni mo sọ fún ọ nípa ọṣẹ?"

"Ìyá, mo jìnnà sí kànga. Ìhó náà kò débẹ̀ rárá."

"Ta ló wá débẹ̀?"

Àṣàkẹ́ wò yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé mi. Kì í ṣe pé ó fura sí mi. Ó rò pé mo lè gbà á sílẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wà nílé lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń fọṣọ, ẹ wà nílé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ rí fún Ìyá."

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ tèmi, ó mọ́ tónítóní, mo sì bá wọn jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ọkùnrin gbọ́n omi kànga náà dànù. Ìyá àgbà ní Àṣàkẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gúgà ilé wa mọ́. Odò ló wá ń lọ láàárọ̀, pẹ̀lú garawa lórí, ní ọ̀nà Ìfọ́n, títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi parí. Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìlú tó ti wá, bí ẹni pé ìlú ló fọ aṣọ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó kó ẹrù rẹ̀. Àbúrò bàbá mi bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, àpótí lórí, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ má fi ìwé ṣeré o." Ní ìparí ọdún náà ni mo kúrò nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má káàánú mi. Mo di èèyàn. Pọ́ǹdù ẹja mẹ́rìnlá ni mo ní láàárín Ìlobù sí Ìfọ́n, sìmẹ́ńtì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún mi, àwọn ọmọ mi ló ń kọ ọ́, àbíkẹ́yìn mi náà ló ń tẹ èyí sínú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má tún un ṣe. Ẹja mi kì í kú. Òfin kan ni mò ń fi kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ mi: "Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ kan ẹja. Ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ yẹn, aṣọ rẹ̀ ni, òògùn rẹ̀ ni. Ẹni tó bá bọ́ ọ sí ìhòòhò ti pa á, bó tilẹ̀ ṣì ń wẹ̀." Ọmọ yunifásítì kan tilẹ̀ wá rí mi nítorí rẹ̀. Ó kó ìgò kéékèèké wá, ó gba ohun yíyọ̀ yẹn sínú wọn, ó ní àwọn ń wádìí ìdí tí kì í fi í ṣe omi tí kì í sì í ṣe nǹkan líle. Mo ṣàlàyé fún un títí oòrùn fi wọ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹrin! Ó ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

Mo ní, "Ọlọ́run ni." Mo gbé irọ́ mi lé Ọlọ́run lórí.

Lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, ọmọbìnrin kan láti Ìfọ́n wá sí oko mi. Bọ́láńlé lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe ní Òṣogbo. Mo bi í bóyá igi ló ń gbẹ́ tàbí aṣọ ló ń kùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ọ̀kankan, òun ń to nǹkan sínú yàrá ni, kí èèyàn wọ inú rẹ̀, kó sì rò ó.

"Ṣé ohun tí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ń kọ́ nìyẹn? Títo nǹkan?"

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin náà ń to ẹja."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ mọ kànga kan sínú kíláàsì kan tí wọn ò lò mọ́ ní Ìfọ́n, òun fẹ́ àrọ̀ ńlá kan sínú rẹ̀, ìhó ọṣẹ yóò sì yí i ká. Ìtàn ìyá òun ni. Ó wá bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìhó ọṣẹ lè pa àrọ̀ inú kànga. Ǹjẹ́ kò yẹ kí n bi í pé irú ìtàn wo ni? Mi ò bi í. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Mo na ìka sókè, mo ní, "Á pa á dáadáa! Lọ sọ fún ìyá rẹ pé Làsísì ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó sì lọ sọ fún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, mo wọ agbádá tí mo rán fún ọdún iléyá. Mo fúnra mi gbé ẹja náà lọ nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá, àrọ̀ tó gùn tó apá. Àwọn èèyàn ti pọ̀ níbẹ̀. Gúgà àtijọ́ ni wọ́n fi okùn so mọ́ àjà káàkiri, a ní láti tẹ orí ba láàárín wọn. Ìhó funfun ń rú láti inú àwọn ọpọ́n tó wà nílẹ̀, ó ń yọ́ rìn lọ sídìí kànga, ó sì ń kú kó tó débẹ̀. Páálí kan wà lára kànga náà. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń kàwé. Ẹ-ja. Tí. Mo. Pa.

Mo rò pé wọ́n ti mọ̀ ni, pé wọ́n kó gbogbo ìlú jọ láti mú mi. Mo ti ń wá ọ̀nà ìlẹ̀kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Akọ̀wé mi!"

Mo mọ ohùn náà kí n tó mọ ojú. Àṣàkẹ́ ti hewú, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn.

"Ọkọ mi, ẹ kú àtijọ́. Nígbà yẹn mo jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà ni mò ń rí ìhó yẹn lójú oorun, tó ń ṣàn lọ sínú kànga. Nígbà tí ọmọ mi wá ní ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹja jù ní ọṣẹ á pa á, mo ní ó parí, èmi ni. Ìyá ti kú, àbúrò bàbá yín náà ti kú. Ẹ̀yin lẹ kù tí mo lè bẹ̀. Ẹ bá ilé forí jì mí."

N ó sọ òótọ́ fún yín, torí ohun tí mo jókòó fún nìyí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n gbé e dìde, kí n sì ní mo ti forí jì í. Àwọn èèyàn ìbá pàtẹ́wọ́. Wọn ìbá ní èèyàn ńlá ni Làsísì. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Mo wá rí orúnkún rẹ̀ nínú ìhó náà, bí ó ṣe kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ kìíní, tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tagbádá-tagbádá. Mo ní, "Ìyá, èmi ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Eérú ni mo fi fọ ọ́. Ìhó yín kò débẹ̀."

Àṣàkẹ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi dìde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ti yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu.

"Mo kúnlẹ̀ fún ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Dìde. Bọ́láńlé, fún un ní bírò." Ó nawọ́ sí páálí náà. "Akọ̀wé ni mo pè ọ́. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀."

Ẹ lè rò pé mo dá ara mi láre lẹ́yìn ìyẹn. Rárá o. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn bẹ̀rù ẹgba, ẹgba sì wà lójú àjà lóòótọ́. Èmi tí mo lé ní àádọ́ta ọdún, kí ni mo bẹ̀rù? Kò sẹ́ni tó lè nà mí. Ọ̀nà Ìfọ́n kò jìn, ojoojúmọ́ ni mò ń gbà á kọjá lọ sí pọ́ǹdù mi, mo sì mọ̀ pé obìnrin kan ń gbé níbẹ̀ tí mo jẹ ní gbèsè gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí a bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, èmi àti ọmọ yẹn, òun ló ga jù.

Mo gba bírò náà. Ọwọ́ mi tó rin ń yọ̀ lára rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Ẹja tí mo pa" sí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Àkọ́kọ́ ga jù, àwọn tó tẹ̀ lé e ń yí lulẹ̀, bí mo ṣe ń kọ wọ́n ní kíláàsì kẹrin gan-an. Ẹni tó bá dé yàrá yẹn tí kò mọ̀ mí yóò rò pé ọmọdé kan ló kọ ọ́. Ẹ má bá a jiyàn.